Páànù Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbòǹgbò

Una Dalgleish mú sísọ́ọ̀sì ìdáná rẹ̀, ó gé orí agolo ọtí kan kúrò, ó gé ìdí rẹ̀, ó sì la ikùn rẹ̀ gbọọrọ. Ó tẹ́ páànù náà sórí tábìlì, ó fi igi tí ó fi ń na ìyẹ̀fun yí i títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ó gé awẹ́ kan tó gùn tó ìka, tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Ó wá báírò kan tí yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ, ó gbé awẹ́ páànù lé orí ìwé ìròyìn àtijọ́, ó sì fi agbára tẹ báírò mọ́ ọn. Báírò tí kò ní yíǹkì kò wúlò fún ìwé mọ́, ṣùgbọ́n lára páànù, àpá ló ń dá, òjò kò sì lè fọ àpá. Orúkọ tó kọ síbẹ̀ ni ISHBEL. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ U.D., ó sì kọ ọdún.

Ẹyẹ ló kọ́ Una ní ọgbọ́n yìí. Ní ìgbà ìrúwé kan, àwọn ẹyẹ dúdú wá ekòló wọ inú ọgbà rẹ̀, wọ́n sì fa gbogbo pátákó orúkọ tó wà nínú ìkòkò mọ́kànlélógójì tu, wọ́n fọ́n wọn ká ilẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fọ́n igi ìṣáná. Láti ọjọ́ náà, orúkọ méjì ni ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń ní: ọ̀kan lókè fún ẹni tó bá wá wòran, ọ̀kan nínú iyẹ̀pẹ̀ fún Una fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìkòkò, lábẹ́ gbòǹgbò, ló máa ń tẹ́ ti inú iyẹ̀pẹ̀ sí. Netta Carmichael, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, tó máa ń bá a kó òdòdó láti ìkòkò kan sí òmíràn, mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìkòkò kan bá máa kúrò nílé rẹ̀, Una kì í fi páànù sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gba òdòdó yóò pààrọ̀ ìkòkò lọ́jọ́ kan. Yóò gbọn òkúta ìsàlẹ̀ dànù, orúkọ yóò sì bá òkúta lọ. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ló ń fi í sí, ní òòró, ó ń tì í mọ́ gbòǹgbò, ó ń rì í jìn tó ìka kan. Tó bá pẹ́, gbòǹgbò yóò dì í mú bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di ìka ìyá rẹ̀ mú. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Kì í ṣe àṣírí. Ta ló ń sọ fún ènìyàn ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ ń ti bọ bàtà?

Ìkòkò ti ọjọ́ náà, Netta ló máa gbà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ẹyin adìyẹ: ewé ṣóńṣó-ṣóńṣó tó tò yípo bí ìràwọ̀, tí ohun funfun bí ẹfun sàmì sí etí wọn. Afọ́kùúta ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, nítorí pé inú pàlàpálá àpáta lórí òkè ló ń gbé, ènìyàn a sì máa rò pé òun ló la àpáta náà. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ṣe ń ṣe. Ìyá a tanná lẹ́ẹ̀kan, a kú, ṣùgbọ́n yóò ti bí ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lọ.

Irú èyí kò sí níbòmíràn láyé. Ishbel, àbúrò Una, ló dá a. Olùkọ́ ni Ishbel nílùú ńlá kí àìsàn tó dá a padà sílé. Ní ìgbà ìrúwé tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, Una gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n òkúta tí òdòdó wà nínú rẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó sì fún un ní búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán tó kéré jù lọ. Ishbel fi búrọ́ọ̀ṣì náà gba àtíkè inú òdòdó funfun kan tó ń ya sílẹ̀ bí ìrù ẹṣin, ó sì fi í kan ọ̀fun òmíràn tí àmì pupa kún inú rẹ̀.

"Una, bí èyí bá so, má sọ ọ́ lórúkọ ajá wa o."

"Orúkọ rẹ ni màá sọ ọ́."

"Kí wọ́n wá máa sọ pé Ishbel ti rà nítorí omi pọ̀ jù nínú ìkòkò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú Ishbel. Kí irúgbìn náà tó gbó, Ishbel ti lọ.

Una gbin irúgbìn mẹ́rìnlélógún. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló jọ ohun tí Ishbel ń wá, ó sì gbà á lọ́dún mẹ́rin kó tó tanná. Òdòdó rẹ̀ funfun, igi rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ wá sílẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lórí òkúta, àmì pupa sì wà lára gbogbo rẹ̀. Una àti Netta nìkan ló rí i. Nígbà tó kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Una kó méjì sínú ìkòkò tirẹ̀, ó gé ìkẹta fún Netta. Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń gbin òdòdó òkè ní àgbègbè yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ohun tó bá ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ rẹ, fún ọ̀rẹ́ ní díẹ̀, bí tìrẹ bá kú, o mọ ilé tí wàá lọ. Lọ́jọ́ tí o bá sì lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé rárá.

Netta dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ìkòkò náà sókè wò.

"Èyí náà ni? Mo rò pé nǹkan gidi lo fẹ́ fún mi."

"Bí o bá da omi púpọ̀ sí i, wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi."

"Ta ló kọ́ ẹ ní bí wọ́n ṣe ń bomi rin òdòdó? Ṣebí èmi ni?"

"Ìwọ tí o pa òdòdó búlúù mi lọ́dún yẹn."

"Ìgbín ló pa á!"

"Ìgbín tí o gbà lálejò, tí o tẹ́ ibùsùn fún."

Netta rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ìkòkò náà mọ́ àyà. Una ní, "Ọdún méjì, kó lè lágbára. Lẹ́yìn náà a ó jọ gbé e lọ síbi ìpàtẹ òdòdó, kí Ishbel gba orúkọ rẹ̀."

"Bí ẹni gbé ẹyin ni màá ṣe tọ́jú ẹ̀," ni Netta wí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òdòdó òkè, tí àwọn méjèèjì wà, orúkọ tí òdòdó tuntun bá jẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé orí tábìlì ìpàtẹ, tí adájọ́ sì fọwọ́ sí i, òun ni yóò máa jẹ́ títí láé. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kò sì sí àtúnṣe mọ́.

Ìgbà òtútù méjì kọjá. Ní oṣù Kẹta, Una fi ìka kan afọ́kùúta méjèèjì tirẹ̀, wọ́n sì ṣí bọ́ sí i lọ́wọ́ bí fìlà. Kò sí gbòǹgbò lábẹ́ wọn. Ó tú iyẹ̀pẹ̀ wò, ó bá ìdin funfun márùn-ún níbẹ̀, wọ́n ká kò bí oṣù tuntun, wọ́n yó. Ó wá gbòǹgbò, bó ṣe bíńtín, kò rí. Ó jókòó lórí korobá tí ó dojú dé, ó sì wo ìkòkò náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ọwọ́, ó wọ bàtà. Ó mọ ilé tí yóò lọ.

Netta ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kò yà fún un kó wọlé.

"Netta, ìdin ti jẹ tèmi tán. Kò ku ẹyọ kan. Jọ̀ọ́, gé ọmọ kan fún mi lára tìrẹ."

Netta nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

"Una, tèmi náà ti lọ. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ."

Una sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Jẹ́ kí n wo ìkòkò ẹ̀. Nígbà míì, ọmọ kékeré a máa fara pamọ́ sábẹ́ ewé tó ti kú."

"Mo ti dà á nù. Má lọ sínú ilé gíláàsì òdòdó mi yẹn o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn kòkòrò síbẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ló wá yà kí ó wọlé. Ó po tíì fún un, àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n sunkún. Una ló tún ń rẹ Netta lẹ́kún. "Má dá ara ẹ lẹ́bi," ló ń wí, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Òdòdó òkè ni. Kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí oṣù Karùn-ún dé ìdajì, yìnyín yọ́ kúrò lórí òkè, gbogbo ọgbà àdúgbò tanná lẹ́ẹ̀kan náà, ìpàtẹ ẹgbẹ́ sì kù sí ọ̀la. Netta pe Una lórí fóònù.

"Má wulẹ̀ yà gbé mi lọ́la. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń lọ síbẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀ ni màá bá lọ."

Ọdún kejìlélógún nìyẹn tí wọ́n ti ń jọ lọ síbi ìpàtẹ nínú ọkọ̀ Una, tí Netta ń gbé ìkòkò méjì lé itan, tó ń pariwo ní gbogbo kọ́nà. Una ní kò burú. Ó kàn rò pé ọ̀rẹ́ òun kò fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa rántí ìkòkò tí kò sí nínú ọkọ̀ ni.

Òdòdó aláwọ̀ ẹyin kan báyìí ni Una gbé dé gbọ̀ngàn ìlú, kí ó má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Dod Petrie, aláwàdà ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ rí i.

"Una! Ìkejì rẹ dà? Àbí ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀?"

"Ó bá ọkọ̀ ẹlòmíì wá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ wo tábìlì àwọn òdòdó tuntun, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Èmi tí mi ò fẹ́ràn nǹkan funfun, ẹnu mi ò tíì padé."

Una lọ wò ó. Kí ojú rẹ̀ tó ka káàdì, ọkàn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Igi òdòdó márùn-ún ló tẹ̀ jáde láti inú ìkòkò náà, wọ́n tẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì lọ́gbọọgba, funfun, pẹ̀lú àmì pupa, kò sí ẹyọ kan tó rọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé, "Ó yè!" Ayọ̀ mú un débi tó fi bo ẹnu. Ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ka káàdì. Orúkọ òdòdó: NETTA CARMICHAEL. Ẹni tó dá a: N. Carmichael.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń wá ibi tí òun ti ṣi í kà.

Netta wà nídìí tábìlì tíì, ó wọ fìlà tuntun. Una rìn lọ bá a, kò sáré.

"O ní ó kú."

"Má ṣe é níbí, Una. Ó tó."

"Mo wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ. O ní o ti dà á nù. O jókòó tì mí, o ń sunkún."

Netta rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé ìkòkò wá síbí. Káàdì pupa ti ipò kìíní, ẹyọ kan péré, mi ò gbà rí. Ìwọ ńkọ́? O ò tilẹ̀ mọ iye tìrẹ. Tìrẹ kú. Bí kì í bá ṣe èmi, kò ní sí i láyé mọ́. Ta ló wá ni ín?"

"Ishbel ló ni ín. Ìwọ lo gbé ọbẹ̀ wá fún un lórí ibùsùn. O mọ̀."

"Ishbel ti kú. Kí ni òkú fẹ́ fi orúkọ ṣe?"

Nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Farquhar Lumsden, adájọ́ wọn, dókítà ẹran tó ti fẹ̀yìn tì, dé pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń tẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Tábìlì yẹn ló kàn tí mo fẹ́ fọwọ́ sí."

"Ẹ dákun, ẹ má tíì fọwọ́ sí i," ni Una wí. "Òdòdó funfun yẹn, èmi àti àbúrò mi la dá a."

Netta gbé ohùn sókè, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ohùn àánú ló fi sọ ọ́. "Ẹ má bínú sí i, ẹ̀yin èèyàn. Látìgbà tí àbúrò ẹ̀ ti kú ni ọkàn ẹ̀ ò ti fi bẹ́ẹ̀ pa pọ̀ mọ́. Èmi tí mo sún mọ́ ọn ni mo mọ̀."

Àwọn ènìyàn yíjú sí Una. Una gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí wọ́n da omi yìnyín sí i lẹ́yìn. Olè jíjà kan wà tí ènìyàn lè fara dà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún fi ọ̀fọ̀ ẹni ṣe aṣọ bo olè náà, èyí ga jù.

"Ìyáàfin Dalgleish," ni Lumsden wí, "ṣé ẹ ní ẹ̀rí?"

Una kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Netta, nígbà tí o gbé e sínú ìkòkò ńlá, ṣé o gbọn iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ dànù kúrò lára gbòǹgbò ẹ̀?"

Èyí ni Netta ì bá ti dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bi ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yẹn bóyá ó gbọn gbòǹgbò afọ́kùúta, ohun tó lè pa á, o ti bú u nìyẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Èmi? Kí n gbọn gbòǹgbò afọ́kùúta? Ọmọ àná ni mí ni? Odindi ni mo gbé e látinú ìkòkò tí o fún mi, mi ò fọwọ́ kan irun gbòǹgbò ẹ̀ kan!"

"Ta ló fún ẹ ní ìkòkò?" ni Dod bi í. Kò ṣe àwàdà mọ́.

Una ti mú ẹ̀mú tín-ín-rín tó fi máa ń ṣa èérí inú ewé jáde lápò. Ó tẹ̀ síwájú ìkòkò náà, ó sì ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lójú iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì. Kò fẹ́ kí igi òdòdó kan mì. Ó wá ibi tí iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ àti tuntun ti pàdé, torí pé àwọ̀ wọn kò dọ́gba, ó sì ti ẹnu ẹ̀mú bọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i ká. Kò sí nǹkan kan. Ó tún yí i. Irin kan irin: kín.

Kò fà á. Gbòǹgbò méjì ti gbá páànù náà mọ́ra, ó sì ya wọ́n kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tó ń tú irun ọmọdé. Nígbà tó yọ jáde, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó sì gbé e lé Lumsden lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wọ awò ojú rẹ̀.

"Ishbel," ló kà. "U.D." Ó sì ka ọdún.

Netta ń wo awẹ́ páànù náà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ wí.

"Ìsàlẹ̀ lo máa ń fi í sí. Mo wo ìsàlẹ̀."

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbólóhùn yìí ni Una gbé lọ sílé. Títí di ìgbà yẹn, ibì kan nínú rẹ̀ ṣì ń wá àwáwí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀: bóyá ojúkòkòrò òjijì ni, bóyá ìtìjú ló mú un parọ́ tí kò sì mọ bó ṣe máa padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ti wá a. Ó ti gbé ìkòkò náà dání nínú ilé gíláàsì rẹ̀, ó fọwọ́ tú òkúta ìsàlẹ̀ wò bóyá orúkọ Ishbel wà níbẹ̀, kí ó lè jù ú nù.

"Kí ni kí n ṣe?" ni Lumsden bi Una.

"Ẹ pa orúkọ yẹn rẹ́, kí ẹ kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kúrò nínú ìpàtẹ."

"Tábìlì òdòdó tuntun yìí, ẹni tó bá dá òdòdó nìkan ló lè gbé e síbẹ̀. Mo lè gbé e sí tábìlì gbogbogbò. Ta ni kí n kọ pé ó tọ́jú ẹ̀?"

Una wo igi òdòdó márùn-ún náà. Ó mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ máa yí ìkòkò sí oòrùn ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n má bàa tẹ̀ sí apá kan. Ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti máa mu omi, kí ìkán omi kan má bàa pa ẹfun etí ewé rẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí a lè gbàgbé.

"Netta Carmichael ló tọ́jú ẹ̀," ló wí. "Èmi gan-an ò lè tọ́jú ẹ̀ tó báyìí."

Kì í ṣe inú rere ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ dùn ún.

Wọ́n gbé e sí tábìlì gbogbogbò. Ó gba káàdì pupa, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ìkòkò tó dára jù lọ nínú gbogbo ìpàtẹ. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, tí oníkálukú ń gbé tirẹ̀, kò sẹ́ni tó wá gbé e. Netta ti gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde tipẹ́.

"Máa gbé e lọ sílé ẹ, jàre," ni Dod wí. "Ta ló máa bi ẹ́?"

"Èmi kọ́ ni mo ni ìkòkò yẹn."

Ó gbé e sórí àga tí Netta máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀, ó fi bẹ́líìtì dè é, ó fi káàdì àti àmì ẹ̀yẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra wa ọkọ̀ ní gbogbo kọ́nà. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Netta, kò kanlẹ̀kùn. Aṣọ fèrèsé mì díẹ̀, kò sì mì mọ́.

Nígbà tí òdòdó rọ tán, ní òpin oṣù Kẹfà, Una bá ìkòkò kékeré kan lẹ́nu géètì rẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ afọ́kùúta méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gé wọn dáadáa, wọ́n sì gbìn wọ́n dáadáa. Kò sí lẹ́tà. Òfin ni òfin: ó ti béèrè ní oṣù Kẹta, a kì í sì í sọ pé rárá.

Una gbé e lọ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó tú wọn jáde kúrò nínú ìkòkò, ó sì yẹ gbòǹgbò wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ́ iyẹ̀pẹ̀ náà láàárín ìka, ó ń wá ìdin. Kò sí. Fún ọgbọ̀n ọdún tí Netta ti ń fún un ní òdòdó, kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí.

Ó gbin ọ̀kan sínú ìkòkò tirẹ̀, ó sì tẹ́ páànù àtijọ́ náà sí ìsàlẹ̀, èyí tí Lumsden fi ránṣẹ́ padà lẹ́yìn tó kọ Ishbel sínú ìwé ẹgbẹ́. Ó gé agolo mìíràn, ó mú báírò gbígbẹ, ó kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbin ọmọ kejì, ó ti páànù tuntun mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní òòró, bí ó ṣe yẹ fún ìkòkò tó máa kúrò nílé. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i lójú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ewé rẹ̀ mọ́. Ó dára. Ó gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, ó sì dúró tì í, ó ń ronú ilé wo ni yóò gbé e lọ báyìí.